Irin Rogodo, Ayùn àti Àjẹ̀: Ìtàn Ìgbáradì Oníjàkadì láti Rọ́ṣíà dé Ìjẹ̀bú

Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí eré ìdárayá ilẹ̀ Yorùbá, ìjàkadì ni ó máa ń gba ipò iwájú. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti ṣàlàyé ìlù, oríkì àti oògùn tí oníjàkadì gbé wọ agbo, ọ̀rọ̀ a parí síbẹ̀. Bí oníjàkadì ṣe tọ́jú agbára rẹ̀ kí ó tó dé agbo kì í sáábà jẹ wọ́n lógún. Àìbìkítà yìí ti di ìṣòro fún olùkọ́ ìdárayá. Ní ọdún 2019, Israel Adesanya, tí wọ́n bí sí Èkó ní 1989, àti Kamaru Usman, tí wọ́n bí sí Auchi ní 1987, gba bẹ́líìtì àgbáyé UFC nínú ìjà àdàlù, èyí tí ó pa ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti ìjàkadì pọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá béèrè bí ènìyàn ṣe ń ní irú ara bẹ́ẹ̀, ìdáhùn tí ó yá lẹ́nu jù ni pé irin òyìnbó ni. Ìtàn irin náà fúnra rẹ̀ kò ti ìdáhùn yìí lẹ́yìn.

Ọ̀kan nínú irin tí òkìkí rẹ̀ kàn láàrin àwọn oníjà wọ̀nyí ni kettlebell, irin rogodo tí ó ní ọwọ́ ìdìmú lórí. Ọjà ni ó ti wá, kì í ṣe pápá ìṣeré. Òṣùwọ̀n ni ó jẹ́ fún àwọn oníṣòwò ọkà ní Rọ́ṣíà. Orúkọ rẹ̀, girya, sì ti wọ ìwé atúmọ̀ èdè wọn láti 1704. Pood ni wọ́n fi ń wọn ẹrù, pood kan sì lé díẹ̀ ní kílò 16. Ìdí nìyí tí irin náà fi wọ́pọ̀ ní kílò 16, 24 àti 32 títí di òní: pood kan, kan ààbọ̀, méjì. Àwọn alágbára ọjà a máa gbé e sókè láti fi dán ara wọn wò. Dókítà Vladislav Kraevsky ni ó sọ eré ọjà di ẹ̀kọ́, nígbà tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn tí ń gbé irin sílẹ̀ ní St. Petersburg ní 1885. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn èyí, ní 1985, ni ìdíje rẹ̀ ní òfin tó fìdí múlẹ̀ ní Soviet. Pavel Tsatsouline kọ ìwé lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2001, irin náà sì tàn dé ilé ìdárayá àwọn oníjà.

Oníjàkadì kò jìnnà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. George Hackenschmidt, ọmọ Estonia, gbé lọ́dọ̀ Kraevsky ní 1898 láti kọ́ṣẹ́. Ní 1905 ó dá Tom Jenkins ní New York, ó sì di aborí àgbáyé. Kò sí idán níbẹ̀. Níwọ̀n bí ìwúwo irin náà ti jìnnà sí àtẹ́lẹwọ́, fífì ni wọ́n ń fì í: ìbàdí ni ó ń tì í, apá kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Ìbàdí kan náà ni oníjàkadì fi ń fa ẹnìkejì rẹ̀ tu kúrò nílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ni wọ́n dá. Oríkì àwọn ará Ọ̀fà tilẹ̀ ka ìjàkadì sí orò ìlú wọn. Ní ìhà Ìjẹ̀bú, iṣẹ́ tí ń mú ara le kò wọ́n. Ìlú onígẹdú ni Ìjẹ̀bú-Igbó. Kí ẹ̀rọ tó dé, ayùn ọlọ́wọ́ ni wọ́n fi ń la igi: ẹnìkan lórí ìtì, ẹnìkan nínú kòtò, wọn a máa fa ayùn mọ́ra wọn lọ́wọ́ láti àárọ̀. Ní Ogun Waterside, tí Abìgì jẹ́ olú ìlú rẹ̀, àjẹ̀ àti àwọ̀n ni. Nígbà kan rí, wọ́n a máa so ìtì igi pọ̀, kí wọ́n gba orí ọ̀sà gbé e lọ sí ibi ìlagi ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Àgbẹ̀ Àgọ́-Ìwòyè ń kọ ebè, odó iyán kò sì jìnnà sí i.

Àwọn kan a máa fi irú àlàyé yìí parí ọ̀rọ̀ pé àwọn baba ńlá ti ní ilé ìdárayá tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Iṣẹ́ kì í ṣe ìgbáradì. Àjẹ̀ tí apẹja lò lóṣù tó kọjá kò wúwo sí i lóṣù yìí. Ẹja ni ó ń pinnu ìgbà tí yóò sinmi, kì í ṣe iṣan ara rẹ̀. Ohun tí Kraevsky fi kún agbára ọlọ́jà ni ìwọ̀n tí a mọ̀, iye tí a kà, àfikún díẹ̀díẹ̀ àti ìsinmi.

Ibi tí ó yẹ kí a wá ìgbáradì tòótọ́ sí ni inú eré náà gan-an. Ọmọdé a kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà nínú yanrìn lábẹ́ òṣùpá. Bí ó bá dá wọn tán, yóò kọjú sí àwọn tí ó jù ú lọ. Ènìyàn ni ìwọ̀n, ìwọ̀n náà sì ń pọ̀ sí i. Ìjẹ̀bú, tí ó ní regbérégbé, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìpín ọjọ́ orí fún un. Ìjàkadì abúlé ni Daniel Igali, ọmọ Bayelsa, kọ́kọ́ mọ̀ kí ó tó dúró sí Kánádà ní 1994, kí ó sì gba góòlù Òlíḿpíìkì fún wọn ní Sydney ní 2000.

Olùkọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà létí ọ̀sà kò ní owó irin. Ṣùgbọ́n lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n bu lítà 16 sí ti di pood kan. Gbígbé e nílẹ̀ àti gbígbé e rìn ni kí ó fi kọ́ wọn, kì í ṣe fífì, nítorí omi a máa mì nínú rẹ̀, ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì sì lè já. Fífì irin méjì pọ̀, tàbí jíjù ú sókè orí, di ti ẹni tí ó ti mọ bí a ti ń tẹ ìbàdí láìtẹ ẹ̀yìn.