Póìntì dọ́gba, ta ló wà lókè?

Èmi ni o, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ bọ́ọ̀lù ní Sabon Gari, Kano.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, díẹ̀ ló kù kí ẹ fi àríyànjiyàn tú gúrúùpù yìí ká. Ẹnì kan ní bí póìntì bá dọ́gba, góólù ni ká kà. Ẹnì kejì ní rárá, ẹni tó bá na èkejì nígbà tí wọ́n pàdé ló wà lókè. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Ìlú tí wọ́n ti ń gbá a ló yàtọ̀, ọdún náà sì yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn, èmi alára sì ti fi owó kọ́ ọ. Màá dé ibẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá líìgì tiwọn sílẹ̀ ní 1888, ẹgbẹ́ méjìlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí póìntì bá dọ́gba, pípín ni wọ́n ń pín. Wọ́n á ka gbogbo góólù tí ẹgbẹ́ kan gbá sílé àwọn ẹlòmíì, wọ́n á wá fi iye góólù tó wọ ilé tiẹ̀ pín in. Ẹni tí ìdáhùn ẹ̀ bá pọ̀ jù ló wà lókè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ọlọ́jà. Ẹnì kan ra ọjà ₦10,000, ó tà á ₦30,000. Ẹnì kejì ra ti ₦100,000, ó tà á ₦200,000. Ta ló jèrè jù? Tó bá jẹ́ pípín, ẹni àkọ́kọ́ ni, torí owó tiẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, ti èkejì di ìlọ́po méjì péré. Tó bá jẹ́ yíyọ ńkọ́? ₦20,000 ló wà lápò ẹni àkọ́kọ́, ₦100,000 ló wà lápò èkejì. Ṣé ẹ rí i? Pípín máa ń gbè lẹ́yìn ahun, ẹni tí kì í fẹ́ kí nǹkan kan jáde. Yíyọ, ohun tó kù lápò ló ń wò.

Ní 1924, ọ̀rọ̀ yìí já lu Cardiff City, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Wales. Póìntì kan ni wọ́n fi ṣíwájú Huddersfield Town lọ́jọ́ tí líìgì máa parí, póìntì méjì sì lẹni tó bá borí ń gbà láyé ìgbà yẹn. Cardiff lọ bá Birmingham nílé wọn, wọ́n rí pẹnárítì gbà. Len Davies gbá a, kò wọlé. Wọ́n ta ọ̀mì, 0-0. Huddersfield na Nottingham Forest 3-0. Bí àwọn méjèèjì ṣe di 57 nìyẹn.

Ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣirò yín. Huddersfield gbá 60, 33 wọlé wọn. Cardiff gbá 61, 34 wọlé wọn. Ẹ yọ ọ́: 27, 27. Ẹ wá pín in: Huddersfield 1.818, Cardiff 1.794. Huddersfield ló gba líìgì. Tó bá jẹ́ òfin tòní ni, yíyọ dọ́gba, wọn ì bá wo ẹni tó gbá góólù jù, Cardiff ni ì bá sì gbà á. Di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Cardiff ò tíì gba líìgì yẹn rí.

Ẹ dákun, oníbàárà kan ń pè mí, mò ń bọ̀.

Ẹ má bínú. Mo ti dé.

Ní 1976 ni wọ́n wá fi pípín sílẹ̀ ní England, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, torí pípín ń jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ kan ti ilẹ̀kùn mọ́rí jókòó. Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, òfin tuntun yìí san gbèsè fún ẹlòmíì. May 26, 1989, Arsenal lọ bá Liverpool ní Anfield. Liverpool ní 76, Arsenal ní 73. Arsenal gbọ́dọ̀ fi góólù méjì borí. Wọ́n ti gbá ọ̀kan, àsìkò ti fẹ́ẹ̀ tán pátápátá kí Michael Thomas tó gbá ìkejì wọlé. Póìntì di 76 sí 76. Arsenal gbá 73, 36 wọlé wọn. Liverpool gbá 65, 28 wọlé wọn. Yíyọ fún méjèèjì jẹ́ 37, Arsenal ló sì gbá jù, òun ló gbà á. Ẹ wá bá mi pín in bíi ti ayé àtijọ́: Liverpool 2.32, Arsenal 2.03. Liverpool ni ì bá gbé e o! Ẹ̀yin ọmọ Arsenal, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ìṣirò.

Spain ò bá wọn dá sí ìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá pàdé ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Ní 2007, Real Madrid àti Barcelona ní 76. Barcelona ní góólù lérè ju Madrid lọ dáadáa, 45 sí 26. Ṣùgbọ́n Madrid ti nà wọ́n 2-0, wọ́n sì ta ọ̀mì 3-3 níjọ́ kejì. Madrid ló gba líìgì. Ti ìdíje àgbáyé tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 2018, gbogbo ẹ̀ dọ́gba láàárín Senegal àti Japan, káàdì yẹ́lò ni wọ́n kà. Mẹ́fà ni ti Senegal, mẹ́rin ni ti Japan. Senegal lọ sílé.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

June 18, 2005, mo wà ní pápá Sani Abacha ní Kofar Mata níbí, Nàìjíríà àti Angola. Okocha tètè gbá ọ̀kan wọlé, inú wa dùn. Figueiredo dá a padà lẹ́yìn ìsinmi. 1-1. Lọ́dún tó ṣáájú, ní Luanda, Akwá ti gbá ọ̀kan wọlé wa, wọ́n nà wá 1-0. Èmi ò ro ìyẹn mọ́. Mo kàn ń ka góólù. Mo rí i pé tiwa pọ̀ gan-an ju tiwọn lọ, mo ní kò séwu. Ọwọ́ àjọ kàn mí ní September, mo kó gbogbo ẹ̀ lé ẹ̀wù aláwọ̀ ewé àti fìlà Nàìjíríà láti Èkó, torí Jámánì 2006. Ìyàwó mi ní ká fi san owó ilé ìwé ọmọ. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ọjà ni mò ń ṣe.

Máláàmù kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, aṣọ ló ń rán. Ó ní, "Alhaji, wọ́n ti nà yín, ẹ̀yin ò nà wọ́n. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, ìyẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò." Mo fi rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù.

October 8, a na Zimbabwe 5-1 ní Abuja. Mo ń jó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ní Kigali, nígbà tí eré ń lọ sópin, Akwá yẹn náà tún gbá ọ̀kan wọlé Rwanda. 1-0. Póìntì wa 21, tiwọn 21. Góólù wa lérè 14, tiwọn 6. Angola ló lọ sí Jámánì, ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn.

Mo ta ọjà yẹn ní ìlàjì owó tí mo fi rà á, àwọn ọmọ gáréèjì ló rà á jù. Owó ilé ìwé, ẹ̀yáwó ni mo fi san án, ìyàwó mi ò sì sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ní 2011, South Africa náà ta ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú Sierra Leone nílé wọn. Wọ́n ti fọwọ́ fa eré náà sílẹ̀ torí wọ́n rò pé góólù máa gbé wọn lọ. Wọ́n jó lórí pápá. Àwọn àti Niger àti Sierra Leone ní 9, Niger tí Egypt ṣẹ̀ṣẹ̀ nà 3-0 lọ́jọ́ náà ló lọ, torí èsì ìgbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ara wọn. Gbogbo ọjà wa ló fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Máláàmù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí Nàìjíríà bá ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, tó sì rí mi tí mò ń tú báálì ẹ̀wù, á bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, á ní, "Alhaji, ka karanta doka?" Ó ń bi mí bóyá mo ti ka òfin.