Kan

Nígbà tí ẹlẹ́mu bá fi igbà gun ọ̀pẹ ní kùtùkùtù, tí ó sọ̀, tí ó sì bu igbá àkọ́kọ́ fún àgbà tí ó mọ ẹmu í mu, ohun tí àgbà náà yóò kọ́kọ́ wí ni bóyá ó dùn tàbí ó ti kan. Kíkan kì í ṣe kíkorò ewúro, kì í sì í ṣe títa ata. Ó sún mọ́ bí ọsàn wẹ́wẹ́ ti ń mú ahọ́n. Bí ẹmu ti ń kán sínú akèǹgbè ni adùn rẹ̀ ti ń di ọtí. Ìdí nìyí tí ti òwúrọ̀ fi dùn, tí ti ìrọ̀lẹ́ fi le, tí ti ọjọ́ kejì sì fi ń kan gógó. Èmi fẹ́ràn ti ìrọ̀lẹ́.