Láti Kíláàsì Alẹ́ Ìyá Mi dé Yunifásítì Inú Fóònù

Apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́wàá ni ìyá mi gbà láwìn, apẹ̀rẹ̀ ogún ni ó san owó rẹ̀. Ọdún 1983 ni, ní ọjà Ṣáṣá, lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ọkùnrin tí ó gbé ẹrù fún un ní kí ó tẹ ìka sí ìwé kan. Ẹnu ọkùnrin náà sọ mẹ́wàá, ìwé sọ ogún. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú àwọn àgbà ọjà, ìwé ni wọ́n gbà gbọ́. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ìtàn yìí tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ tí mo bá sọ pé mi ò lọ sí ilé ìwé ni ìyá mi máa ń sọ ọ́, yóò wá na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi lójú: "Wò ó dáadáa. Òun ló kó mi sí gbèsè."

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé gbọ́. Ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì alẹ́, ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ àgbà. Tí ó bá ti palẹ̀ ọjà mọ́, yóò mú ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù, yóò lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Tíṣà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Yorùbá ni ó fi ń kọ́ wọn, A, B, D, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò pé ọdún kan tí ìyá mi fi kọ orúkọ ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá gbé ìwé wá bá a lọ́jà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò gbọ́: "Ẹ fún mi ná, ẹ jẹ́ kí n kà á."

Kíláàsì yẹn kò ṣàdédé ṣí. Ààrẹ Shehu Shagari ni ó ṣí ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún gbogbo Nàìjíríà ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n sì dá pé kí àìmọ̀wé fi kásẹ̀ nílẹ̀. Kò kásẹ̀ nílẹ̀, gbogbo wa la mọ̀. Ìjọba Òyìnbó pàápàá ti gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ láti 1946. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 456,000 lọ sí 811,000 láàárín ọdún kan. Ìyá mi tó ẹni tí à bá fi sí i láìpẹ́ sígbà náà. Bàbá rẹ̀ ní tí ó bá lọ, ta ni yóò máa ru ẹ̀gẹ́ wálé láti oko? Bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣe ré e kọjá nìyẹn, tí ó fi di alẹ́ ìgbà àgbà kí ó tó bá a.

Ẹ má rò pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ó wà fún àgbàlagbà nígbà náà o. Èkejì wà, ilẹ̀kùn àwọn akọ̀wé àti tíṣà. Ìbàdàn ni Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ń gbé tí ó fi ka ìwé gba oyè ìmọ̀ òwò ti Yunifásítì London ní 1944, kí ó tó fẹsẹ̀ kan ìlú Òyìnbó rárá. Owó ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ìwé sì ní láti gba orí omi wá. Ní 1949, ọdún kan péré lẹ́yìn tí yunifásítì kọ́lẹ́ẹ̀jì dé Ìbàdàn, wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí yóò máa gbé ẹ̀kọ́ jáde lọ bá àwọn ará ìlú. Robert Gardiner, ọmọ Gold Coast tí à ń pè ní Gánà báyìí, ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ulli Beier ará Jámánì wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà ni ó sì gbé e dé Ẹdẹ àti Òṣogbo. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ibẹ̀. Ẹni tí ó bá wọlé láti ilẹ̀kùn ti Yorùbá, bíi ti ìyá mi, kò rí ọ̀nà tí yóò gbà kọjá sí yàrá kejì. Orúkọ rẹ̀ àti ìṣirò kékeré, ó parí.

Àwọn ìjọba wa náà kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yára. 1972 ni wọ́n ti ń sọ ní Yunifásítì Ìbàdàn pé kí àwọn òṣìṣẹ́ máa ka ìwé oyè láti ilé wọn. 1979 ni ọ̀rọ̀ tó fìdí múlẹ̀. 1988 ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Ilé iṣẹ́ náà wà ní Ìdí-Oṣè lónìí, kò jìnnà sí Ṣáṣá. Ti Ìjọba Àpapọ̀ tún burú jù: wọ́n fi òfin dá yunifásítì ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun Bùhárí tì í pa ní oṣù Kẹrin 1984, ó sì di ìgbà ìjọba Ọbásanjọ́ lẹ́yìn 1999 kí wọ́n tó jí i dìde. Ọbásanjọ́ tí ó jí i yìí náà ló tún lọ di akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kírísítẹ́nì ní oṣù Kìn-ín-ní 2018, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ bá mi kí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ olówó náà ni.

Èmi ò lọ. Ìwé ẹ̀rí girama ni mo ní, òun náà ni mo sì fi ń jẹun nídìí ìwé ìròyìn.

Ní oṣù Kẹrin 2001 ni ilé ìwé ńlá kan ní Amẹ́ríkà, MIT, kéde pé àwọn yóò kó ẹ̀kọ́ àwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé máa kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù Kẹjọ ọdún kan náà ni irú fóònù alágbèéká tí mẹ̀kúnnù wá ń lò lónìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni Salman Khan, tí ó ti ń kọ́ ọmọ ìbátan rẹ̀ kan ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn ní 2004, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ hàn fún gbogbo ènìyàn láìgba owó. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èmi ti kọ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ní òru, nígbà tí wọ́n bá ti mú iná lọ. Ọ̀gá mi kan ti sọ fún mi pé ẹni tí kò ka yunifásítì kò lè kọ ọ̀rọ̀ lórí ètò ìṣúná ìjọba. Mo kọ ọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. (Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ náà lóòótọ́, àmọ́ dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó búrẹ́dì mi ló lọ sí i.)

Inú mi dùn débi pé mo gbé fóònù lọ sí Ṣáṣá lọ́dún tó kọjá, mo fi han obìnrin kan tí ó jogún ìsọ̀ ìyá mi. Ó ní fóònù tirẹ̀, ó tilẹ̀ dára ju tèmi lọ. Mo ṣí ẹ̀kọ́ lórí èrè àti àdánù fún un. Ó wò ó fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó dá a padà fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń sọ?"

"Èrè àti àdánù ni."

"Ṣé wọn ò lè sọ ọ́ ní Yorùbá ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Wikipedia ní apá Yorùbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ìwé tí ẹ ó rí níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò ju gbólóhùn méjì mẹ́ta lọ. Tíṣà kíláàsì alẹ́ tí kò ní ju ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ lọ mọ èdè tí ìyá mi fi ń ronú. Ẹ̀rọ tí gbogbo ìmọ̀ ayé wà nínú rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Mo gbà pé ọ̀fẹ́ tí ènìyàn kò gbọ́ èdè rẹ̀, owó gọbọi ló ṣì jẹ́ fún onítọ̀hún.

Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, mo máa ń jókòó sí ẹ̀yìn ìsọ̀ náà. Obìnrin mẹ́rin ni wọ́n, àti ọ̀dọ́kùnrin Haúsá kan tí ó ń ta àlùbọ́sà, tí Yorùbá rẹ̀ dán ju ti ọmọ mi lọ. Èmi á ti wo ẹ̀kọ́ náà ní Gẹ̀ẹ́sì lóru, mà á wá sọ ọ́ fún wọn bí ọ̀rọ̀ ọjà. A ti ṣe méje. Sátidé tó ń bọ̀, bí a ṣe ń ka ìwé àdéhùn kí a tó tẹ ìka sí i ni.