Àwo Oúnjẹ Gúúsù Lórí Òkun

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan wà lórí òkun tí ń jẹ́ Wonder of the Seas. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 362, ó sì lè gba èrò tó súnmọ́ 7,000, láì ka àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ mọ́ wọn. Láti ọdún 2022 tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò ni ilé oúnjẹ kan ti wà nínú rẹ̀ tí wọ́n sọ ní The Mason Jar. Orúkọ ìgò onídèérí ni. John Landis Mason ló gba ìwé àṣẹ ìdásílẹ̀ ìgò náà ní ọdún 1858, àwọn ìyá nílé ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà sì ń fi í tọ́jú èso àti ẹ̀fọ́ di ìgbà òtútù. Kèrèǹgbè tiwa kì í gba ọwọ́ àgbà, ṣùgbọ́n ẹnu ìgò yìí gbòòrò.

Ẹni tó bá fẹ́ jẹun níbẹ̀ yóò san owó lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀. Wọn yóò gbé adìyẹ díndín síwájú rẹ̀, tàbí edé lórí grits, èyí tí í ṣe àgbàdo tí a lọ̀ ní ìlọ̀kulọ̀ tí a sì sè títí ó fi ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Beignet tí wọ́n fi ẹran akàn ṣe wà níbẹ̀, biscuit sì wà pẹ̀lú. Kí àwa tó gbọ́ Faransé má ṣe ṣì í gbọ́ o: biscuit ti Gúúsù kì í ṣe èyí tó gbẹ tó ń ró lẹ́nu, búrẹ́dì kékeré rírọ̀ ni, tí à ń jẹ nígbà tó ṣì gbóná. Bí èrò ti ń jẹun ni àwọn olórin ń kọ orin ìgbèríko Amẹ́ríkà fún wọn.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé kí ni ó kan ará Kétu, ará Sábẹ̀ tàbí ará Àjàṣẹ́ nínú oúnjẹ alẹ́ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ó kàn wá gan-an. Oúnjẹ tí ayé ń pè ní ti Gúúsù lónìí, orí omi ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó gúnlẹ̀, àwọn tí wọ́n sì kó gba orí omi yẹn kọjá kò jókòó ti tábìlì kankan. Nítorí náà, nígbà tí oúnjẹ yìí bá tún padà sórí òkun, tí a tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti kan ọkọ̀ náà. Saint-Nazaire ni, ní ẹnu odò Loire ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó bá gba odò yẹn gòkè, kò ní tó kìlómítà 70 tí yóò fi dé Nantes, ìlú tó jẹ́ olórí èbúté òwò ẹrú fún ilẹ̀ Faransé. Ìrìn àjò tí àwọn ọkọ̀ Nantes rìn láti lọ kó ẹrú lé ní 1,700. Ní ọdún 2012 ni wọ́n ṣí ibi ìrántí kan sí etí odò níbẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn ọkọ̀ náà sára dígí tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń rìn kọjá fi ń gba àárín wọn lọ. A kò ní kí a di ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ ru àwọn tí ń kan ọkọ̀ lónìí. Odò kan náà ni, ọ̀nà òkun kan náà ni. Ohun tí à ń wí kò ju ìyẹn lọ.

Ní ọdún 1719, ọkọ̀ Faransé méjì, Aurore àti Duc du Maine, kó àwọn ìgbèkùn láti Ouidah lọ sí Louisiana. Àwọn ni ọkọ̀ ẹrú tó kọ́kọ́ ti Áfíríkà dé ìlú àmúsìn náà. Àwọn tí wọ́n kó dé tó nǹkan bí 450. Àṣẹ tí wọ́n fún àwọn ọ̀gá ọkọ̀ kí wọ́n tó ṣí kò mọ sí pé kí wọ́n ra èèyàn. Wọ́n ní kí wọ́n wá àwọn tó mọ bí a ti ń gbin ìrẹsì, kí wọ́n sì ra àgbá irúgbìn ìrẹsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ wọn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Apá nìkan kọ́ ni wọ́n ń rà. Wọ́n ń ra ìmọ̀ pẹ̀lú. Àwọn àgbẹ̀ Faransé tí ebi ń pa ní ẹnu odò Mississippi kò mọ ohun tí wọn yóò fi ilẹ̀ àbàtà ṣe, wọ́n sì mọ̀ pé ẹnìkan ní apá ibí mọ̀ ọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe ń bọ́ èèyàn nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n sábà ń fún wọn ní oúnjẹ. Ìrẹsì ni, tàbí iṣu, tàbí àgbàdo, tàbí erèé ńláńlá tí wọ́n dì wá láti Yúróòpù, èyí tí Faransé ń pè ní fèves. Bí èèyàn mẹ́wàá á yí korobá kan ká. Ọ̀pọ̀ ló kọ oúnjẹ nítorí ikú wù wọ́n ju ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ. Ẹni tó bá kọ̀, pàṣán ni. Bí pàṣán kò bá ràn án, wọ́n ní irin kan tí wọ́n ń kì bọ eyín láti fi la ẹnu rẹ̀ tipátipá. Thomas Clarkson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ayé rẹ̀ bá òwò ẹrú jà, rí irin náà ní ìsọ̀ kan ní Liverpool, ó ra á, ó sì fi í ṣe ẹ̀rí. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, wọ́n a máa pe àwọn obìnrin sókè láti wá gún ọkà tàbí ìrẹsì kí àwọn ará ọkọ̀ tó sè é. Lójú tiwa, àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ nínú ìtàn ilé ìdáná Gúúsù, bí ẹnikẹ́ni bá kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ilé ìdáná ẹlòmíràn ni wọ́n bọ́ sí. A kò gbọdọ̀ sọ àsọdùn kí a wá ní tiwa ni gbogbo rẹ̀. Àgbàdo tí wọ́n fi ń ṣe grits, ti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni àgbàdo ti wá bá wa, kí ògì tó di oúnjẹ òwúrọ̀ wa. Ìyẹ̀fun biscuit, àwọn òyìnbó ló mú un dé. Ṣùgbọ́n ilá, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti wá. Ọ̀rọ̀ náà gombo, tí ọmọ wa ń sọ nílé ẹ̀kọ́ bó bá ń fi Faransé pe ilá, láti inú àwọn èdè Bantu ní ìhà Kóńgò àti Àǹgólà ni ó ti jáde. Ó wọ èdè Faransé, ó sì di orúkọ ọbẹ̀ tó lókìkí jù ní New Orleans. Erèé olójú dúdú tí àwọn ará Gúúsù ń sè pọ̀ mọ́ ìrẹsì ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, kí ọdún náà lè san wọ́n, ẹ̀wà wa ni. Ní òpópónà New Orleans, àwọn obìnrin dúdú a máa ru calas kiri ní òwúrọ̀, wọ́n a sì máa kéde rẹ̀ ní èdè Faransé. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n ń ro ó, wọ́n sì ń dá a sínú òróró gbígbóná bí a ti ń dá àkàrà. Nígbà tí Sípéènì ń ṣàkóso ìlú náà, òfin gba ẹrú láàyè láti ra ara rẹ̀ padà, àwọn kan nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí sì fi owó calas ra òmìnira.

Àwọn alásè tó gba ẹ̀kọ́ gíga wà láàárín wọn pẹ̀lú. Ní ọdún 1784 ni Thomas Jefferson mú James Hemings, ẹrú rẹ̀, gba orí òkun lọ sí Paris kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìdáná Faransé. Ó kọ́ ọ, ó sì di ọ̀gá. Ní ilẹ̀ Faransé, ó lè pe ẹjọ́ kí wọ́n dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 1789 ó bá ọ̀gá rẹ̀ padà. Ọdún 1796 ni ó tó di òmìnira, lẹ́yìn tó kọ́ àbúrò rẹ̀ Peter ní gbogbo iṣẹ́ náà tán, nítorí àdéhùn tí Jefferson bá a ṣe nìyẹn: fi ẹlòmíràn rọ́pò ara rẹ, kí o tó lọ. Àwa tí a fẹ́ràn láti máa yin ìdáná Faransé, ẹ jẹ́ kí a máa rántí ọkùnrin yìí.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, odò Mississippi kún fún àwọn ọkọ̀ ńlá tí agbára omi gbígbóná ń wà. Tábìlì wọn lókìkí. Àwọn dúdú ló ń sè, àwọn ló ń gbé àwo, àwọn ló ń tẹ́ ibùsùn; ẹrú ni àwọn kan, òmìnira ni àwọn mìíràn. Jíjókòó sí tábìlì yẹn ni kò sí fún wọn. Òfin ẹrú dópin ní ọdún 1865, àṣà náà kò dópin. Ní oṣù keje ọdún 1872, obìnrin kan tí ń jẹ́ Josephine DeCuir wọ ọkọ̀ Governor Allen ní New Orleans láti lọ sí oko ìdílé rẹ̀ ní òkè odò. Ọlọ́rọ̀ ni, ó gbọ́ Faransé. Kí a má fi pamọ́, ìdílé ọkọ rẹ̀ ti ní ẹrú tiwọn rí. Wọ́n ní kò lè wọ yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin funfun. Ó kọ̀ láti lọ sí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn dúdú, ó sì jókòó sórí àga títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó pe ẹjọ́, nítorí òfin Louisiana ti ọdún 1869 kọ irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ dá a láre, wọ́n ní kí wọ́n san dọ́là 1,000 fún un. Ní ọdún 1878, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà yí ìdájọ́ náà padà. Wọ́n ní ọkọ̀ tó ń ti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn kò sí lábẹ́ irú òfin ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Báyìí ni ẹjọ́ nípa ibi tí èèyàn lè jókòó sí nínú ọkọ̀ odò ṣe di ọ̀kan nínú àwọn òkúta tí wọ́n fi mọ odi ìyàsọ́tọ̀.

Nígbà náà ni orúkọ àwọn alásè bẹ̀rẹ̀ sí hàn nínú ìwé. Abby Fisher, tí wọ́n bí ní South Carolina tó sì gbé ní Mobile ní Alabama, tẹ ìwé ìdáná Gúúsù jáde ní San Francisco ní ọdún 1881. Kò mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Ó ń sọ, àwọn ẹlòmíràn ń kọ. Àwa tí ìtàn wa wà lẹ́nu àgbà mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Leah Chase ní New Orleans, tó fi gumbo gba àwọn dúdú àti àwọn funfun tí ń jà fún ẹ̀tọ́ lálejò ní Dooky Chase, nígbà tí òfin kò fẹ́ kí wọ́n jọ jẹun pọ̀. Ẹni ọdún 96 ni nígbà tó kú ní 2019. Ìtàn ayé rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi dá Tiana, ọmọbìnrin inú fíìmù Disney ti ọdún 2009, sílẹ̀. Láti ọdún 2016 ni ilé oúnjẹ kan ti ń jẹ́ orúkọ Tiana nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ Disney Wonder, tí wọ́n ń ta oúnjẹ Louisiana. Ọmọdé tó ń jẹun níbẹ̀ kò mọ̀ pé obìnrin kan wà lẹ́yìn àwòrán náà, ṣùgbọ́n obìnrin náà wà.

Ó ku ẹnìkan tí a kò tíì dárúkọ. Ní ọdún 1860, ọdún 52 lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti fi òfin de kíkó ẹrú wọlé, ọkọ̀ Clotilda kó èèyàn 110 láti Ouidah lọ sí Mobile ní bòókẹ́lẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, ọmọ nǹkan bí ọdún 19, tí àwọn ọmọ ogun Dàhómè kó nígbà tí wọ́n fọ́ ìlú rẹ̀. Ìwádìí Sylviane Diouf fi hàn pé agbègbè Bàntè ni ó ti wá, níbi tí kò jìnnà sí Sábẹ̀. Ará ilé wa ni. Ó sọ pé ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n tó mú àwọn gòkè láti inú òkùnkùn ìsàlẹ̀ ọkọ̀, pé omi tí wọ́n ń fún àwọn kéré, ó sì kan. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ ìlú tiwọn dó, ìlú tí wọ́n ń pè ní Africatown. Mobile jẹ́ èbúté àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ báyìí. Láti ibẹ̀ dé Africatown, ìrìn mọ́tò díẹ̀ ni. Inú ẹrẹ̀ odò tó wà lókè níbẹ̀ ni wọ́n ti dá òkú ọkọ̀ Clotilda mọ̀ ní ọdún 2019.

Zora Neale Hurston lọ bá Kossola sọ̀rọ̀ ní ọdún 1927 àti 1928, nígbà tí bàbá náà ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọdún 2018 ni ìwé tó kọ nípa rẹ̀, Barracoon, tó jáde. Kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ń gbé èso peach lọ, ó ń gbé bàrà olómi lọ. Nígbà kan, akàn ni àwọn méjèèjì sè, ó pọ̀, wọ́n sì jókòó tì í. Ó kọ ọ́ pé àwọn ọjọ́ kan wà tí bàbá náà kò sọ ìtàn kankan, tí òun náà kò béèrè, tí wọ́n kàn jọ jẹun.