Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í Pa Arọ tó bá Gbọ́n: Ipa Olùkọ́ nínú Ìtàn Ìmúrasílẹ̀ de Àjálù ní Orílẹ̀-èdè Japan

Ìfáárà

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Nígbà tí a bá ń pa òwe yìí, apá kìíní rẹ̀ ni a sábà máa ń tẹnu mọ́, bí ẹni pé kí ènìyàn ṣáà ti gbọ́ pé ogun ń bọ̀ ti tó láti gbà á là. Òwe náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àfi kí arọ náà gbọ́n. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi ìtàn orílẹ̀-èdè Japan yẹ ọ̀nà tó wà láàrin gbígbọ́ àti gbígbọ́n wò. Èrò wa ni pé olùkọ́ ló ń mú ọmọ rin ọ̀nà náà, àti pé bí olùkọ́ kò bá múra sílẹ̀, ìkìlọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lè di asán láàrin wákàtí kan.

Ilẹ̀ tí kì í sinmi

Erékùṣù ni gbogbo ilẹ̀ Japan. Mẹ́rin ló tóbi jù nínú wọn: Hokkaido, Honshu, Shikoku àti Kyushu. Lábẹ́ wọn ni mẹ́rin nínú àwọn awẹ́ ńláńlá tó para pọ̀ di èèpo ayé ti pàdé, tí wọ́n ń ti ara wọn, tí ọ̀kan sì ń wọ abẹ́ èkejì. Bí agbára tó ti ṣù jọ síbẹ̀ bá tú lójijì, ilẹ̀ a mì tìtì. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun ló ti tú, tó sì gbé ilẹ̀ ibẹ̀ sókè, omi a ru, a sì ya wọ ìlú. Èyí ni wọ́n ń pè ní tsunami, orúkọ tí gbogbo ayé ti yá lò báyìí. Òkè oníná tó ṣì lè bú nígbàkigbà ju ọgọ́rùn-ún lọ ní ilẹ̀ náà, ìjì líle sì ń jà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tí a bí síbẹ̀ kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé àjálù wà. Ìbéèrè tó kù ni ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tí ó bá dé.

Iná abúlé Hiro

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1854, ilẹ̀ mì tìtì ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Japan, omi òkun sì ya wọ abúlé Hiro, ní agbègbè tí à ń pè ní Wakayama lónìí. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Hamaguchi Goryo, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ń ṣòwò èròjà ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe. Ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn ènìyàn kò sì mọ ibi tí wọn yóò sá gbà. Goryo ti iná bọ àwọn òkìtì koríko ìrẹsì kí àwọn tó ń sá lè ríran dé ojúbọ tó wà lórí òkè. Ọ̀pọ̀ ló tipa bẹ́ẹ̀ yè. Lẹ́yìn náà, ó náwó lórí odi kan ní etíkun, èyí tó gùn tó nǹkan bí 600 mítà, tó sì ga tó mítà 5. Àwọn ará abúlé tí omi ti gba ohun ìní wọn ló gbà síṣẹ́ náà, tí wọ́n sì ń rí owó jẹun níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Nígbà tí omi tún dé ní ọdún 1946, odi yìí dáàbò bo apá tó pọ̀ jù nínú abúlé náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe odi ló gbé ìtàn yìí dé gbogbo Japan. Ní ọdún 1897, òǹkọ̀wé Lafcadio Hearn kọ ìtàn kan nípa rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nakai Tsunezo, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ agbègbè náà, mú ìtàn yìí, ó tún un kọ ní èdè ìbílẹ̀ rẹ̀ lọ́nà tó máa yé ọmọdé, ó sì fi ránṣẹ́ nígbà tí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ń wá iṣẹ́ tuntun fún ìwé kíkà. Wọ́n gbà á. Láti 1937 títí di 1947, àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún jákèjádò orílẹ̀-èdè náà ń ka "Inamura no Hi", èyí tó túmọ̀ sí iná òkìtì ìrẹsì.

Òpìtàn yóò rí i pé ohun tó wà nínú ìwé yàtọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú ìwé, arúgbó kan tí ilé rẹ̀ wà lórí òkè rí i pé òkun ń fà sẹ́yìn, ó sì sun ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè kí àwọn ará abúlé lè sáré gòkè wá paná. Goryo gan-an kò ju ẹni ọdún 34 lọ, inú abúlé nísàlẹ̀ ló wà, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òun náà lọ. Olùkọ́ tí yóò fi ìtàn náà kọ́ni gbọ́dọ̀ ṣọ́ra pẹ̀lú, nítorí pé kì í ṣe ìgbà gbogbo ni òkun ń fà sẹ́yìn kí tsunami tó dé. Ẹni tó bá dúró de àmì yẹn lè dúró pẹ́ jù. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọdé kò lè gbàgbé: ìrẹsì ṣeé tún gbìn, ẹ̀mí kò ṣeé tún rà. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá sọ́tọ̀ fún ìlanilọ́yẹ̀ nípa tsunami lágbàáyé. Ọjọ́ náà ni iná Hiro jó gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà àtijọ́ ti Japan ṣe kà á.

Òkúta, odi àti òfin

Ní etíkun Sanriku, ní àríwá ìlà-oòrùn Honshu, tsunami ọdún 1896 pa nǹkan bí 22,000 ènìyàn, ti ọdún 1933 sì pa nǹkan bí 3,000. Ní Aneyoshi, abúlé kékeré tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run nígbà méjèèjì, wọ́n gbẹ́ ìkìlọ̀ sára òkúta kan lẹ́yìn ti 1933 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́lé sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Àwọn ọmọ wọn pa á mọ́. Nígbà tí omi tún dé ní 2011, kò dé ibi tí òkúta náà wà. Ìlú Taro, tí kò jìnnà púpọ̀ síbẹ̀, gbára lé odi ní tirẹ̀. Odi náà ga tó mítà 10, ó sì gùn ju kìlómítà méjì lọ. Ní 2011, omi gba orí rẹ̀ kọjá, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Ìjọba náà kò káwọ́ gbera. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1923, nígbà tí ọ̀sán kù díẹ̀ kó pọ́n, ilẹ̀ mì tìtì ní Tokyo àti Yokohama. Nǹkan bí 105,000 ènìyàn ló kú, iná ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí pé àsìkò tí wọ́n ń dáná oúnjẹ ọ̀sán ni. Àhesọ tún tàn kálẹ̀ pé àwọn ará Korea ń májèlé sí kànga, àwọn jàǹdùkú sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Irọ́ náà gba ẹ̀mí níbi tí ilẹ̀ àti iná ti gba tiwọn. Nígbà tí ìjì líle tún pa nǹkan bí 5,000 ènìyàn ní agbègbè Ise ní 1959, ìjọba sọ ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án di ọjọ́ ìmúrasílẹ̀ ní 1960, wọ́n sì ṣe òfin gbogbogbòò lórí àjálù ní 1961. Láti ìgbà náà ni ìdánrawò ti di àṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ní ìlú lọ́jọ́ yẹn.

Òkúta ń sọ ibi tí omi dé rí. Odi ń dènà omi tí a ti rí irú rẹ̀ rí. Òfin ń pàṣẹ pé kí a múra. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ fún ọmọ ohun tí yóò ṣe bí omi òní bá ju ti àná lọ.

Ọjọ́ kan, ìlú méjì

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, ní aago 2:46 ọ̀sán, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ òkun níwájú etíkun yẹn kan náà. Àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 18,000. Àwọn ọmọ ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́.

Ní ìlú Kamaishi, Katada Toshitaka, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Gunma, ti ń bá àwọn olùkọ́ ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Wọ́n kó ẹ̀kọ́ nípa tsunami wọ inú ìṣirò àti àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ: ẹ má gbára lé ohun tí a ti lérò tẹ́lẹ̀, ẹ sa gbogbo ipá yín, ẹ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sá. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré ti Kamaishi-Higashi bẹ́ sí ìta, wọ́n ń sá lọ. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Unosumai tó wà nítòsí, tí wọ́n ti gun àjà kẹta ilé-ẹ̀kọ́ wọn lọ, rí wọn, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Wọ́n dé ibi tí ìlànà ní kí wọ́n sá sí, wọ́n rí i pé òkè ẹ̀yìn ibẹ̀ ń ya lulẹ̀, wọ́n sì tún gòkè síwájú. Àwọn àgbà ń di àwọn kékeré lọ́wọ́ mú. Omi gba ibi tí wọ́n kọ́kọ́ dúró sí. Lórí máàpù ìjọba, omi kò yẹ kó dé ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kamaishi tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000, márùn-ún ló kú, àwọn wọ̀nyí kò sì sí lábẹ́ ìtọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ lásìkò náà.

Ṣùgbọ́n ní Unosumai kan náà, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sá lọ sí ilé kan tí wọ́n ti máa ń ṣe ìdánrawò nítorí pé ó súnmọ́ wọn. Ilé náà kì í ṣe ibi ààbò fún tsunami. Omi kún un, ọ̀pọ̀ sì kú síbẹ̀. Ìdánrawò ti fi ibi tí kò tọ́ mọ́ wọn lára.

Ní ìlú Ishinomaki, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Okawa jìnnà sí òkun tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin, lẹ́bàá odò Kitakami. Òkè kan wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Máàpù kò ka ibẹ̀ mọ́ ibi tí omi lè dé. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì, àwọn olùkọ́ kó àwọn ọmọ jọ sí ìta, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún bí àádọ́ta ìṣẹ́jú, tí wọn kò fẹnu kò sí ibi tí wọn yóò lọ. Ẹ̀rí wà pé àwọn ọmọ kan ní kí àwọn gun òkè. Nígbà tí wọ́n gbéra níkẹyìn, ìhà afárá odò ni wọ́n dojú kọ, ibẹ̀ sì ni omi ti pàdé wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ 74 nínú 108 àti olùkọ́ 10 ló bá a lọ.

Àwọn òbí kan pe ẹjọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Sendai dájọ́ pé ẹ̀bi náà ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ àjálù: ìwé ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ náà kò tọ́ka sí ibi pàtó tó yẹ kí wọ́n sá sí. Ilé-ẹjọ́ ní ìmọ̀ àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ nípa ewu gbọ́dọ̀ ju ti ará ìlú lásán lọ, wọn kò sì gbọdọ̀ gba máàpù gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi ọwọ́ sí ìdájọ́ náà.

Ohun tó kan àwa tí à ń kọ́ olùkọ́

Kò yẹ kí a bú àwọn olùkọ́ Okawa. Wọ́n kú pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọn kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kamaishi kì í ṣe ti ìfẹ́ tàbí akin. Ohun tí a ti fi kọ́ wọn, tí wọ́n sì ti jọ ṣàṣàrò lé lórí kí ọjọ́ náà tó dé, ló yàtọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí fà yọ. Àkọ́kọ́, Nakai kò dúró de ìwé láti òkè. Ìtàn agbègbè rẹ̀ ló kọ, ó sì dé gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra láti di olùkọ́ mọ bí a ṣe ń ṣe ìwádìí ìtàn àjálù ibi tí a bá gbé e lọ, kó sì lè sọ ọ́ ní èdè tí ọmọ gbọ́. Èkejì, kí a kọ́ ọ láti bi máàpù àti ìlànà ní ìbéèrè, nítorí pé àná ni wọ́n ń wò. Ẹ̀kẹta, ìdánrawò tí kò dé ibi ààbò gan-an lè pani ju àìṣe rẹ̀ lọ.

Ìkádìí

Japan ti gbọ́ nípa ogun yìí tipẹ́. Òkúta sọ ọ́, odi jẹ́rìí sí i, òfin kéde rẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, lábẹ́ òfin kan náà, àwọn ọmọ kan sáré gun òkè, àwọn mìíràn sì dúró sí ìta tí òkè wà lẹ́yìn wọn. Àwọn àgbà tún ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ ti múra, tí ohùn ọmọdé sì ń dé etí àgbà, ni arọ tó gbọ́n tí òwe ń sọ.