Ìró Gb Nínú Orúkọ Àwọn Gbagyi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Kí ìjọba àpapọ̀ tó ya ilẹ̀ Àbújá sọ́tọ̀ fún olú-ìlú tuntun ní ọdún 1976, abúlé àwọn Gbagyi ni Utako. Èdè wọn jẹ́ ìbátan èdè Nupe. Òun àti Yorùbá sì jọ wà nínú ẹbí èdè Benue-Congo. Ìbátan náà hàn nínú ìró wọn. Gbagyi ní àsénupè méjì tí à ń fi àfàsé àti ètè pè pọ̀: gb, àti kp tí Yorùbá ń kọ ní p. Ó tún ní fáwẹ́lì àránmúpè, àti ohùn mẹ́ta: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀.

Hausa kò ní gb. Gw ni ó ní. Gwari ni àwọn Hausa ń pe àwọn ènìyàn yìí, orúkọ náà sì ni ìjọba amúnisìn kọ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni orúkọ ti kọ̀ ọ́; Gbagyi ni wọ́n ń pe ara wọn. Bí àwọn ọmọ Utako bá wá fi Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò èdè ìyá wọn, ta ni yóò kù tí yóò pe orúkọ náà bí ó ti tọ́?