Awọ Inú Oríkèé àti Ìbẹ̀rẹ̀ Àrùn Làkúrègbé: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìmọ̀ kan, 1859 sí 2023

Ó rọrùn láti ka ìtàn làkúrègbé sí ìtàn oògùn lásán. Kókó àpilẹ̀kọ yìí yàtọ̀: ohun tí àwọn onímọ̀ mọ̀ nípa àrùn náà wé mọ́ ìgbà tí ọwọ́ wọn tẹ awọ fẹ́lẹ́ inú oríkèé, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀. Irú làkúrègbé tí à ń sọ ni èyí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ ara fi ń kọjú ìjà sí oríkèé tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò.

Ẹ̀jẹ̀ ni a kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rí. Alfred Garrod ará Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sọ àrùn náà ní orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pè é dòní nínú ìwé rẹ̀ ti 1859, fi ẹ̀jẹ̀ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára gáòtù. Ní 1940, Erik Waaler ará Nọ́wè rí èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn yìí, èyí tí ó ń mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ṣù pọ̀. Èyí tọ́ka sí ẹ̀ṣọ́ ara, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú oríkèé gan-an.

Ìdíwọ́ kan wà níbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni ó sábà ń mú awọ náà dé ọwọ́ olùwádìí, àwọn tí àrùn ti ń bá jà láti ọdún pípẹ́ ni a sì sábà ń ṣe é fún. Bí ìgbà tí ènìyàn ń wá orísun iná nínú eérú ni ó rí. Ní 1963, Parker àti Pearson ní Amẹ́ríkà ṣe àlàyé abẹ́rẹ́ kan tí a lè fi bu díẹ̀ nínú awọ náà láìla oríkèé. Ní 1972, Schumacher àti Kitridou tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn tí àrùn wọn kò tíì ju oṣù kan lọ; wọ́n rí i pé ìyípadà ti bá àwọn ìṣàn ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú awọ náà. Ní 1998, Kraan, Tak àti ẹgbẹ́ wọn ní Họ́láńdì rí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ tí ń gbé kòkòrò mì nínú orúnkún tí kò tíì fi àmì àrùn kankan hàn. Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ tí aláìsàn mọ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ àrùn.

Inú oríkèé yìí kan náà ni ìtọ́jú titun ti wá. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1989, Brennan, Maini, Feldmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dí TNF, èròjà kan tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, nínú sẹ́ẹ̀lì oríkèé tí wọ́n ń tọ́jú nínú ìgò. Èròjà aṣèbàjẹ́ mìíràn, IL-1, sì lọ sílẹ̀. Ní 1992, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọgbọ́n yìí wò lára aláìsàn. Ó ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, kò ran gbogbo wọn. Ìwádìí kan ní 2023, tí ó yẹ sẹ́ẹ̀lì tó lé ní 314,000 wò láti ara ènìyàn 79, pín ìrísí àrùn náà nínú awọ sí oríṣi 6. Orúkọ kan ṣoṣo, ó ṣe kedere, ti bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀.

Egungun tí àrùn yìí bá ti jẹ kì í sábà padà bọ̀ sípò. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ṣùgbọ́n fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Garrod, ìrókò tó ti dàgbà nìkan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ojú onímọ̀ tó.